Ohun Tí A Ti Fi Fún Ni: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Gbà Padà Bí?

Ẹyin ni ohùn, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ńkọ́? Oyè ńkọ́? Aya tí a ti san owó orí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀bùn tí a fi tayọ̀tayọ̀ gbé fún ọ̀rẹ́ ńkọ́? Èwo nínú wọn ni ẹni tí ó fi í sílẹ̀ lè padà wá gbà, èwo sì ni ó ti lọ láìní àbọ̀? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó bá mi ní Tòpó.

Fún ẹni tí kò mọ Tòpó, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ó wà, ní àgbègbè Àgbádárìgì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òkun kò jìnnà sí i, igi àgbọn sì pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ń mu omi. Ní ọdún 1876 ni àwọn Àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá abúlé oko kan sílẹ̀ ní Tòpó. Àgbọn tí wọ́n gbìn níbẹ̀ ni ó sọ orúkọ ibẹ̀ di ńlá. Ní ọdún 1973 ẹ̀wẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí a mọ̀ sí ASCON, sílẹ̀, Tòpó kan náà sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí a ń sọ̀rọ̀ ìwé, tí a sì ń sọ̀rọ̀ àṣẹ ìjọba, Tòpó kì í ṣe àlejò sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá arúgbó kan ni mo bá lábẹ́ igi níbẹ̀ tí ó ń bó àgbọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó súre fún mi, ó fi àpótí lọ̀ mí. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ó gbọ́ pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ mi, ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìwé kan tí wọ́n ti ká títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ìwé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti àna rẹ̀ kan ni, tí ń gbé ní abúlé mìíràn tí n kò ní dárúkọ.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìwọ tí o mọ ìwé, bá mi wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nídìí yìí. Ọmọ tí ó kà á fún wa sọ pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí àwọn àna mi kúrò. Ṣé kíkúrò ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Mo wo ọ̀rọ̀ náà. ‘Revoke’ ni Òyìnbó kọ síbẹ̀. Mo ní: “Rárá, Bàbá. Kì í ṣe kíkúrò gan-an. Ó ní wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ náà padà ni.”

Bàbá gbé àgbọn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀. “Padà kẹ̀? Ta ni ó fún wọn tẹ́lẹ̀, tí ó fi wá ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn? Babańlá wọn ni ó ṣán igbó ibẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí èsì fọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò tíì ronú kan ìdí rẹ̀ rí. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

ÌDÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ LỌ́DỌ̀ ÒYÌNBÓ

Èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni Òyìnbó ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀: èkíní túmọ̀ sí ‘padà’, èkejì sì túmọ̀ sí ‘láti pè’. Pípè padà ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti orísun. Bí ìyá ti ń pe ọmọ tí ó rán níṣẹ́ padà kí ó tó dé ìkóríta, bí ọdẹ ti ń pe ajá rẹ̀ padà láti inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ti ń pe àṣẹ tí wọ́n ti pa padà.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ń pe ohun tí kò rán jáde padà. Ọmọ tí ìyá kò rán níṣẹ́, kò lè pè é padà láti ẹnu iṣẹ́ náà. Ibi tí ìbéèrè Bàbá Tòpó ti wọlé nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Látìnì.

Lónìí, onírúurú nǹkan ni Òyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ náà fún. Ẹni tí ó kọ ìwé ìhágún, tí ọkàn rẹ̀ sì yí padà kí ó tó kú, lè wọ́gi lé èyí tí ó kọ́kọ́ kọ. Ẹni tí ń wa mọ́tò ní ìwàkuwà, ìjọba lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fún ẹlòmíràn ní agbára láti máa ṣojú òun lè gba agbára náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Òyìnbó ń lò fún gbogbo wọn. Ó tilẹ̀ wà nínú eré káàdì: ẹni tí ó ní irú káàdì tí ó yẹ kí ó fi tẹ̀ lé ti ẹni tí ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n tí ó fi í pamọ́ tí ó ju òmíràn sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti ‘revoke’, ìyà sì wà fún un. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Nínú òfin, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ agbára aláṣẹ. Nínú eré, ó di ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ní nǹkan lọ́wọ́ tí ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò ní.

Ọ̀rọ̀ náà ní àwọn ìbátan. Ọ̀kan wà tí ó túmọ̀ sí fífà padà. Òun ni wọ́n ń lò bí ológbò bá fa èékánná rẹ̀ wọlé tàbí bí ìgbín bá fà wọ inú ìkarahun. Òun náà ni wọ́n ń lò bí ìwé ìròyìn bá kó ọ̀rọ̀ tí ó kọ nípa ẹnìkan jẹ, tí ó sì tọrọ àforíjì. Òmíràn tún wà, ‘reclaim’, tí àwọn tí ń fi àṣá ṣọdẹ ní ilẹ̀ Òyìnbó láyé àtijọ́ ń lò fún pípe àṣá padà sí ọwọ́. Òun ni wọ́n ń lò nísinsin yìí bí wọ́n bá rọ yanrìn sí etí òkun tí wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀, bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Èkó, níbi tí Bar Beach wà tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2009. Òyìnbó kì í sọ pé a dá ilẹ̀ tuntun. Ó ní a gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ omi ni, bí ẹni pé omi ni ó jí i gbé.

Ọ̀nà ọgbọ́n ni, àbí ọ̀nà ẹ̀tàn? Ohun yòówù tí ó bá jẹ́, ẹni tí ó bá sọ pé òun gba nǹkan padà ti sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé nǹkan náà wà lọ́wọ́ òun báyìí, àti pé tòun ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ YORÙBÁ Ń GBÀ PADÀ

Àwa náà kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tí ó gbà á tipátipá, a ní ó já a gbà. Ẹni tí ó fi owó gbà á, a ní ó rà á padà. Ẹni tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, a ní ó yẹ àdéhùn. Ẹni tí ó ní òun kò sọ ohun tí gbogbo ayé gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, a ní ó sẹ́. Ẹni tí ó gbà pé òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ó ní òun ti yí i padà, a ní ó pa ohùn dà. Ohun tí Òyìnbó kó sínú agbọ̀n kan, àwa pín in sí ọ̀nà púpọ̀, nítorí pé lójú tiwa, bí a ti gba nǹkan ṣe pàtàkì ju nǹkan tí a gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí owó orí. Bí aya bá kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àṣà fún ọkọ àtijọ́ láyè láti béèrè owó orí tí ó san. Ọkọ tuntun ni ó sì sábà máa ń san án. Láyé ìjọba Òyìnbó, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó wà ní àwọn kóòtù ìbílẹ̀ kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ńkọ́? Ti bàbá wọn ni wọ́n. Àwọn ọdún tí obìnrin náà fi dáná, tí ó fi ru ẹrù, tí ó fi tọ́jú ìyá ọkọ ńkọ́? Kò sí adájọ́ tí ó rí òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ìyẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ti yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ọ̀nà ẹ̀yẹ. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdána, wọ́n á gba owó orí, wọ́n á sì dá a padà fún àwọn ẹbí ọkọ lójú agbo, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ àwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá béèrè rẹ̀ lọ́la.

Ẹ wo ọ̀ràn ìwọ̀fà náà. Ẹni tí ó yá owó láyé àtijọ́ a máa fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó náà. Kò dín ojú owó kù. Ọjọ́ tí owó bá pé ni ìwọ̀fà di òmìnira, tí yóò sì padà sílé baba rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ojú ẹrú wò ó. Ilẹ̀ àti igi tí a fi dógò náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ogún ọdún kọjá, bí ẹni tí ó fi í dógò kú, ọmọ rẹ̀ lè gbé owó dé kí ó sì ní kí wọ́n dá ilẹ̀ bàbá òun padà. Pípẹ́ kò sọ ohun ìdógò di ti ẹni tí ó gbà á. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ‘ìràpadà’ ti ní ìtumọ̀ kí ó tó wọ inú Bíbélì Yorùbá. Nígbà tí oníwàásù bá pe Olùràpadà, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ìwọ̀fà rí mọ ohun tí ó ń wí ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ.

Ilẹ̀ tí a fi fún àlejò láti dá oko sí tún ní ìlànà tirẹ̀. Àlejò yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìbáà ṣe iṣu díẹ̀, ìbáà ṣe epo tàbí owó. Kì í ṣe nítorí ebi ni onílẹ̀ ṣe ń gbà á. Ẹ̀rí ni, kí ọmọ àlejò má baà gbàgbé ẹni tí ó gba bàbá rẹ̀ sílé. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ń san án, tí kò sì hùwà ọ̀dàlẹ̀, onílẹ̀ kì í déédéé lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde ní ọjọ́ kan tí ó ní òun ni òun ni ilẹ̀, tàbí tí ó tà á láìgbàṣẹ, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbígbà padà nìyẹn. Ìdí kan náà ni kì í jẹ́ kí onílẹ̀ gbà kí àlejò gbin igi tí ń pẹ́ láyé, bí obì, kòkó, ọ̀pẹ tàbí àgbọn, láìgba àṣẹ. Àgbàdo yóò gbó, a óò ká a, ilẹ̀ yóò sì ṣófo. Igi àgbọn ńkọ́? Ẹni tí ó gbìn ín lè kú kí ọmọ rẹ̀ máa ká a, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì tún máa ká a. Ẹni tí ó bá gbin àgbọn ti kọ ìwé sórí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí Bàbá Tòpó, tí ó ń bó àgbọn lọ́wọ́, fi mọ̀ pé ìwé tí ó wà lápò òun ń bá ìwé mìíràn jà.

OHUN TÍ KÒ SÍ ÀBỌ̀ RẸ̀

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àṣà wa kò gbà kí á bèèrè padà. Oúnjẹ tí a fún àlejò jẹ, a kì í tún un kà lé e lórí. Orúkọ tí a sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ, bí a bá tilẹ̀ bá bàbá rẹ̀ jà, a kì í lọ gba orúkọ náà lọ́rùn ọmọ. Ẹ̀bùn tí a fi fún ọ̀rẹ́, bí ìjà bá dé, ẹni tí ó bá lọ béèrè rẹ̀ ni ìtìjú yóò bá, kì í ṣe ẹni tí ó gbà á.

Èpè ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹyin tí ó ti fọ́ ni, síbẹ̀ àwọn àgbà kò gbà pé kò sí àtúnṣe. Bí òbí bá fi ìbínú gbé ọmọ ṣépè, tí ọmọ sì wá túúbá, wọ́n a ní kí òbí náà fi ẹnu ara rẹ̀ wúre fún un. Ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe é. Ẹnu tí ó sọ ọ́ ni yóò tún un ṣe. Ẹ rí i pé Yorùbá pàápàá gbà pẹ̀lú ará Róòmù níbí: ẹni tí ó rán iṣẹ́ jáde nìkan ni ó lè pè é padà.

Ibì kan tún wà nítòsí Tòpó tí ó yẹ kí á rántí. Bí ènìyàn bá rékọjá ọ̀sà láti Àgbádárìgì sí Gberefu, wọ́n á fi ojú ọ̀nà kan hàn án nínú yanrìn, tí ó lọ sí etí òkun. Ibi Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà náà ni wọ́n gbà kó àwọn tí a tà lẹ́rú lọ sínú ọkọ̀ Òyìnbó. Ìwọ̀fà ní ọjọ́ ìràpadà. Ẹrú tí ó kọjá ibẹ̀ kò ní. Àwọn ọmọ ọmọ wọn láti Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù tí ó wà lọ́hùn-ún a máa wá síbẹ̀ lónìí, wọn a dúró, wọn a wo òkun. Owó wo ni a óò kó jọ tí a óò fi ra ohun tí ó gba ibẹ̀ lọ padà?

Ọ̀RÀN ẸLẸ́KỌ̀Ọ́ ÀTI ỌRỌ̀ TÍ ÌJỌBA NÍ KÍ Ó GBÉ MÌ

Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé gbígba ọ̀rọ̀ padà lè gba adé lórí ènìyàn, kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1920. Ìjọba Òyìnbó ti gba ilẹ̀ kan ní Apapa lọ́wọ́ ìdílé Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa. Olúwa béèrè owó ilẹ̀. Ìjọba ní kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀, àṣẹ àbójútó lásán ni ó ní. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Olúwa lọ síbẹ̀, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e. Macaulay mú ọ̀pá Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí lọ́wọ́ lọ, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ̀ pé ẹni ńlá ni ó rán an.

Nígbà tí ó débẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀ nípa bí ipò Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ti tóbi tó láàárín àwọn ènìyàn Nàìjíríà, àti nípa ìlérí tí Òyìnbó ṣe fún Ọba Dòsùnmú nígbà tí wọ́n gba Èkó ní 1861. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ sọ pé kì í ṣe òun ni ó rán an sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ nínú ìwé. Wọ́n ní kò tó; kí ó rán akéde kí ó máa lu agogo káàkiri ìlú, kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ kọ̀. Ìjọba bá kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní olórí mọ́, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọba lè ní: n kò rán an. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ọba wà lọ́wọ́ Macaulay, ọ̀pá sì ni ẹnu ọba níbi tí ọba kò sí. Bí ó bá lu agogo káàkiri Èkó pé ọ̀rọ̀ ọ̀pá òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun, ta ni yóò tún gba ọ̀pá náà gbọ́ láéláé? Ohun tí ó dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú Òyìnbó ni gbogbo ìpìlẹ̀ ìtẹ́ lójú Ẹlẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1921 àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre: ilẹ̀ náà, ti àwùjọ ni, ìjọba kò sì lè gbà á bí ẹni pé kò ní olówó, ó gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Ní 1925 wọ́n gbé Ẹlẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dákẹ́. Ẹjọ́ tirẹ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ sì sọ ní 1931 pé aláṣẹ kò lè ti ènìyàn mọ́lé tàbí lé e kúrò ní ìlú àfi bí òfin bá fún un ní agbára bẹ́ẹ̀, kí ó sì lè fi ìdí rẹ̀ hàn níwájú adájọ́. Ní ọdún 1931 kan náà, ní àkókò Gómìnà Donald Cameron, Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Ó wàjà ní ọdún 1932. Ìjọba ni ó wá fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ mì nígbẹ̀yìn.

ÒFIN ỌDÚN 1978

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè Bàbá: ta ni ó fún wọn tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1978. Òfin náà ní gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ó ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Òfin kò lé wọn. Ó ní kí á kà wọ́n sí ẹni tí ìjọba ti fún ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé orí rẹ̀ tàbí láti máa dá oko níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: kí á kà wọ́n sí. Babańlá ẹni ṣán igbó ní ayé tí kò sí Gómìnà, kò sí Nàìjíríà. Òfin wá dé ní ọjọ́ kan, ó ní kí á ṣe bí ẹni pé Gómìnà ni ó fún un. Láti ọjọ́ náà ni ‘revoke’ ti rí ẹsẹ̀ fi dúró. A kọ́kọ́ sọ ẹ̀bùn di ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí kí gbígbà padà lè ní orúkọ. N kò sọ pé òfin náà kò ní àǹfààní. Bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí kọ́ ilé ìwòsàn, kò yẹ kí ẹnìkan fi ọwọ́ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbé pamọ́.

Òfin kan náà fi odi yí agbára náà ká, ó sì yẹ kí gbogbo onílẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èkíní, ìjọba kò lè gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ padà lásán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní, tàbí nítorí pé onílẹ̀ rú òfin. Ní ọdún 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi yé gbogbo ayé pé gbígbà tí kò bá sí lára ìdí tí òfin kà sílẹ̀ kò ní ẹsẹ̀. Èkejì, ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ẹ̀kẹta, owó ìtanràn wà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wọ́. Owó ilé wà nínú rẹ̀, owó igi wà, owó irè oko wà. Fún ilẹ̀ gan-an alára, kìkì iye tí onílẹ̀ san fún ìjọba ní ọdún náà ni òfin ní kí a dá padà. Ará abúlé tí kò san owó ilẹ̀ fún ìjọba rí, kí ni wọn yóò dá padà fún un?

Nítorí náà, igi àgbọn ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ ka àwọn igi yín. Ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn, ẹ ya àwòrán wọn pẹ̀lú ilé àti kànga. Bí ìwé bá dé, ẹ má ṣe fi í sápò títí yóò fi ya. Ẹ gbé e tọ agbẹjọ́rò lọ kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ sì fún àlejò nílẹ̀, kí ó kọ àdéhùn náà sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ti jókòó ní kíláàsì ní Tòpó yìí kan náà, tí wọ́n kọ́ bí a ti ń ṣàkóso. Kí wọ́n rántí pé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ yóò dé ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Kò ní kí wọ́n ná kọ́bọ̀ kan láti fi Yorùbá tàbí Ògù kọ ìwé kejì mọ́ èkíní, tàbí láti rán ẹni tí yóò jókòó ti baálé ilé, tí yóò sì wí fún un pé: Bàbá, ìlú nílò ilẹ̀ yín, a kò sọ pé àwa ni a fún yín, iye tí a óò san nìyí, ibi tí ẹ óò kó lọ nìyí.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí Tòpó, mo sọ ìdáhùn yìí fún Bàbá bí mo ti rí i. Mo ní: “Bàbá, òfin ni ó ní kí á ṣe bí ẹni pé ìjọba ni ó fún wọn.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó na ọwọ́ sí igi àgbọn kan tí ó ga ju àwọn yòókù lọ.

“Èyí nì,” ni ó wí, “bàbá mi ni ó gbìn ín. Òun ni ó fún mi. Ó ti kú. Bí ó bá fẹ́ gbà á padà, òun nìkan ni mo lè gbé e fún.”